Fọkàn Balẹ̀, Ọmọ Ti Tọ̀

Ọmọ mi,

Kí n tó kí ẹ rárá, fọkàn balẹ̀. Ọmọ ti tọ̀. Ó tọ̀ dáadáa, ó tọ̀ bí ọkùnrin, èmi gan-an tí mò ń kọ̀wé yìí ló tọ̀ sí lára, ẹ̀rí ẹ̀ ṣì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì mi níbi tí mo fi kọ́. Ó yá, jẹ́ kí n wá kí ẹ bó ṣe yẹ kí bàbá kí ọmọ ẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé òkè tẹ́ ẹ̀ ń gbé yẹn, ṣé àtẹ̀gùn ẹ̀ ò tíì jẹ orúnkún yín tán? Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń gùn ún ò ní í yẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá sì gòkè lọ wá, ẹ ó bá a níbẹ̀. Àwa náà wà ńlé, à ń jẹ, à ń sùn, ẹ̀rín ti padà sẹ́nu wa láti ìrọ̀lẹ́ àná.

Mo mọ̀ pé ọkàn ẹ ò lè balẹ̀ látàná, àmọ́ ẹ̀bi mi kọ́, ẹ̀bi fóònù ni. Mo pè ẹ́, o gbé e, mo ń pariwo pé ọmọ ò tọ̀, ọmọ ò tọ̀ o, ibi tí mo ti ń ju ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì ni fóònù ti fò, ó dinú baàfù omi ìwẹ̀ ọmọ, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ lábẹ́ omi bí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń pe òjò. Mo yọ ọ́ kíá. Mo fi pẹ́ẹ̀gì há a sórí okùn aṣọ, oòrùn ń pa á lọ́wọ́ báyìí. Omi ti ń kán jáde, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tíì jáde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìwé lo rí.

Má sì wò ó pé ọdún kan náà ni wọ́n bí èmi àti ẹ. Bàbá ẹ ni àkọ́bí, èmi ni àbígbẹ̀yìn, láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi sì ti lọ sinmi, èmi ni bàbá ẹ. Tó o bá ń pè mí ní bọ̀ọ̀dá níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ, mo gbà, àmọ́ nínú ìwé, bàbá ni. Bàbá kọ̀wé, ọmọ á kúnlẹ̀ kà á. Tó bá jẹ́ orí àga lo wà, sọ̀ kalẹ̀. Ó dáa, padà jókòó, mo ti rí ẹ. Kẹ́nikẹ́ni má sì bá mi sọ̀rọ̀ pé mo tètè fi ilé ìwé sílẹ̀. Tíṣà lèmi bá jà, èmi àti ìwé ò jà.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpò ọmọ tó o fi rán awakọ̀ sí wa nígbà tí ìyàwó mi bímọ dé láyọ̀, èyí aláwọ̀ ewé tí wọ́n ya pẹ́pẹ́yẹ sí lára. Mo ti rí àpò láyé mi, mi ò rí irú ẹ̀. Àpò nínú àpò, àpò lẹ́yìn àpò, àpò tó fara pa mọ́ sábẹ́ àpò, bí ilé olórogún, oníkálukú ní yàrá tiẹ̀. Nígbà tá a ṣí i, òórùn káńfọ̀ tí wọ́n fi ń lé kòkòrò nínú àpótí aṣọ ló kọ́kọ́ kí wa. Mo ní háà, ṣé bí kòkòrò ṣe pọ̀ nílùú ńlá nìyẹn. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ìyá ẹ tó ń bá wa tọ́jú ọmọ ò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń fọwọ́ pa àpò náà bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ. Mi ò bi í. Mo rò pé ọwọ́ ló ń dùn ún ni.

Gbogbo ohun tó o sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà ni mo rántí. O ní kí n máa fi pámpásì sínú ẹ̀ nígbà gbogbo, pẹ̀lú bébà ìnudìí, ìpara ìdí, aṣọ ìpààrọ̀, ẹní róbà kékeré tá a ó máa tẹ́, àti ọ̀rá tá a ó máa di ìdọ̀tí sí. O ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ọmọ jáde láì gbé àpò yẹn. O tún ní kí n wá igun kan nínú yàrá tá a ó ti máa pààrọ̀ ìlédìí ẹ̀, kí gbogbo nǹkan wà nítòsí. Ṣé èmi lo ń sọ ìyẹn fún? Èmi káfíńtà tí gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò yìí ń kí nígbà tí mo bá ń kọjá?

Mo kan tábìlì. Ọmọ mi, mo kan tábìlì! Mo fi igi líle ṣe é, mo fi pákó ṣe etí sí i lọ́tùn-ún lósì kí ọmọ má baà yí ṣubú, mo há pẹpẹ sí ara ògiri lókè ẹ̀, mo to pámpásì síbẹ̀ bí ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi fúnra mi ni mo fi wọn gíga ẹ̀, ó dé mi láyà gẹ́lẹ́. Àṣé ìyàwó mi kúrú. Mo ti ń rí i látọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ pé ó kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní láti gun àpótí ìjókòó kó tó lè rí ọmọ tó wà lórí tábìlì, tó bá sì gùn ún tán, á wá dà bí ẹni tó fẹ́ wàásù fún ìjọ. Ìyá ẹ ní ṣé tábìlì ọmọ ni àbí káńtà báǹkì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, torí káńtà báǹkì lágbára.

Bébà ìnudìí yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé awakọ̀ tó o fi rán ò ṣeé gbára lé. Gbogbo bébà ló rin gbindin! Mo ní òjò ti pa ẹrù ọmọ mi lójú ọ̀nà. Mi ò sì fẹ́ kó o gbọ́ kínú ẹ bàjẹ́, mo tú u ní ẹyọ ẹyọ, mo sá a sórí okùn, ó gbẹ kangíkangí, ó ń dún pàràpàrà bí ewé tó jábọ́. Nígbà tí awakọ̀ tún ń kọjá, mo bá a jà. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Mo ní ẹni tí kò mọ nǹkan ló ń wa mọ́tò kiri. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́, òun náà ló mú ìwé yìí wá.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àpò. Mo wò ó, mo rò ó, mo ní ọmọ tí kò tíì mọ ojú ọ̀nà àbájáde, ibo ló ń lọ tó fẹ́ gbé báàgì? Ṣé ó fẹ́ lọ sójú iṣẹ́ ni? Bẹ́ẹ̀ àpò irinṣẹ́ tèmi ti ya. Ni mo bá ní kí n máa bá a lò ó títí yóò fi tó ìrìn. Ihò tí ẹ̀ ń ki ìgò wàrà bọ̀, òòlù mi wọ ibẹ̀ wẹ́kú bí ẹni pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe rán an. Ìṣó wọ ibi tó yẹ kí ìbọ̀sẹ̀ wà, téèpù ìwọngi wọ ibi ìpara, sánpépà tí mo fi ń ha pákó wọ ibi bébà. Ìpara náà, mo fi pa àtẹ́lẹwọ́ mi tí iṣẹ́ ti sọ di páànù, ó sì rọ̀. Mo gbé àpò kọ́ èjìká, pẹ́pẹ́yẹ níwájú, mo jáde. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní ṣé èmi ni mo bímọ ni àbí èmi ni ọmọ. Mo ní ìlara ló ń pa á.

Àná là ń bọ̀ báyìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ, aṣọ ni ìyá ẹ fi ń lé e nídìí, ó sì ń tọ̀ bí ẹ̀rọ omi. Ó ń tọ̀ sí mi nítan, ó ń tọ̀ sórí ibùsùn, mò ń kígbe, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Àná ni mo ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká wọ pámpásì ìlú ńlá fún un. Ó ya ìgbẹ́ láàárọ̀, a nù ún, a wọ tuntun fún un, ó dì í nídìí pinpin. Èmi ni mo wọ̀ ọ́ o. Ìgbà àkọ́kọ́, mo fi ẹ̀yìn ẹ̀ síwájú. Ìgbà kejì, ó dára.

Ni ọmọ ò bá tọ̀ mọ́.

Mo gbé e títí, itan mi gbẹ. Ìyàwó mi pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn ẹ̀ gbẹ. Ìyá ẹ ki ìka bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, ó ní gbígbẹ ni. Níbẹ̀rẹ̀, inú mi dùn. Mo ní àṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé nǹkan yìí dà bí ìdérí ìgò, tó o bá ti dé e, kò dà mọ́, tí ọmọ bá ti gbọ́n, ẹ ó ṣí i kó lọ tọ̀ níta. Mo tún wá ṣàkíyèsí nǹkan mìíràn. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ọmọ, ó ń wúwo sí i! Láàárọ̀, ó fúyẹ́. Lọ́sàn-án, ó tẹ̀wọ̀n. Mo gbé e jáde lọ fi han télọ̀, mo ní gbé e wò, ṣé o rí ọmọ ọkùnrin, ọmọ mi ń sanra láàárín oúnjẹ méjì, ọmú ìyá ẹ̀ lágbára, èmi náà lágbára. Télọ̀ gbé e, ó ní lóòótọ́ ló wúwo. Inú mi dùn débi pé mo tún lọ fi han alágbàfọ̀ àdúgbò wa.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ìyá ẹ dákẹ́. O mọ ìyá ẹ, tó bá ń sọ̀rọ̀, kò sí wàhálà, ìgbà tó bá dákẹ́ ni kéèyàn wá bàtà ẹ̀. Ó ní ọmọ yìí ò tọ̀ láti òwúrọ̀. Ó ní ọmọ tó ń mu ọmú tí kò tọ̀, nǹkan ń ṣe é. Ọmọ bú sẹ́kún. Mo gbé e sórí tábìlì mi, mo wo iwájú pámpásì, ìlà tó pọ́n bí ìyeyè tí mo rí níbẹ̀ láàárọ̀ ti di búlúù bí aró! Ọmọ mi, mo kígbe. Mo ní nǹkan búlúù ti ń jáde lára ọmọ mi. Ìtọ̀ ti há sí i nínú, ó ti di májèlé. Ìgbà yẹn ni mo pè ẹ́. Ìgbà yẹn ni fóònù wẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ, bàbá kì í purọ́ fọ́mọ. Ẹ̀rù bà mí. Ìyàwó mi ò sunkún, ó kàn ń wò mí, ó ń wojú mi bí ẹni pé èmi ló mọ ohun tó kàn, mi ò sì mọ nǹkan kan. Mo tún rántí pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi wọ nǹkan yẹn fún un. Télọ̀ gbé alùpùpù ẹ̀ jáde, ìyàwó mi àti ọmọ jókòó sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ti ń lọ. Mo ti sáré dé ẹnu ọ̀nà tèmi kí n tó rántí òfin ẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ọmọ jáde láì gbé àpò. Mo padà. Mo gbé àpò kọ́rùn. Mo sáré tẹ̀lé alùpùpù dé ilé ìwòsàn, òòlù ń gbá mi níhà lójú ọ̀nà gbogbo, mo ṣáà gbọ́rọ̀ sí ẹ lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ sanra, ohùn ẹ̀ nípọn, kò sì yára. Ó ní kí a tẹ́ ọmọ sórí tábìlì, tábìlì tí ẹsẹ̀ kan ẹ̀ ń mì bí eyín arúgbó. Ó ní ta ni bàbá ọmọ. Télọ̀ ló nawọ́ sí mi. Ìyàwó mi ṣàlàyé pé kò tọ̀ láti òwúrọ̀. Nọ́ọ̀sì wo pámpásì níwájú, ó wò wá, ó tún wò ó. Ó ní ṣé èyí tá a wọ̀ fún un láàárọ̀ ló ṣì wà nídìí ẹ̀ yìí. Mo mi orí. Ó tú u. Ó ní kí n na ọwọ́. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi sì rọ̀ wálẹ̀ gbì! Ó wúwo bí iyanrìn tó mumi. Ó ní gbogbo ìtọ̀ ọmọ ẹ láti òwúrọ̀ rèé, inú ẹ̀ ló ń lọ, ó ń mu ún sínú kí ara ọmọ lè gbẹ, kì í ṣe pé kó o wá fi sílẹ̀ nídìí ẹ̀ di alẹ́. Ó ní ìlà tó di búlúù yẹn, òun ló ń sọ fún yín pé ọmọ ti tọ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní ó ti ń sọ ọ́ látọ̀sán, ẹ ò dá a lóhùn.

Télọ̀ ní ìtọ̀ lèmi ń gbé yangàn kiri àdúgbò nìyẹn.

Mi ò tíì gbà. Mo ní kí nọ́ọ̀sì wò ó dáadáa. Nọ́ọ̀sì ní ìdí ẹ̀ pọ́n díẹ̀ ni, kò sí nǹkan mìíràn, kí n mú bébà ìnudìí wá látinú àpò ọmọ tí mo gbé kọ́rùn. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti kiwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa sánpépà jáde. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò kàn án. Ó ní ṣé èyí lẹ fi ń nu ìdí ọmọ. Gbogbo ìyá ọlọ́mọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì sọ ọwọ́ lé orí. Ó tún kiwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa òòlù jáde. Ó ní èyí ńkọ́, ṣé tí kò bá tètè sùn ni? Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un pé èmi kì í ṣe èèyàn kékeré, pé káfíńtà gidi lèmi, mo bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì ọmọ kí ojú mi lè bá ti nọ́ọ̀sì ṣe déédéé, mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Ọmọ tọ̀.

Ó tọ̀ láti ibi tó sùn sí lórí tábìlì, ìtọ̀ náà gòkè, ó yí kọ̀rọ̀, ó wá bà mí lójú, ó bà mí lẹ́nu, ó dé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi, kò sì tètè dá. Mi ò kúrò níbẹ̀. Mi ò nù ún. Mo dúró gbà á bí ẹni tí òjò àkọ́rọ̀ bá lóko. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní ó tọ̀, ó tọ̀ o, gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń dúpẹ́ bá wa. Ara mi wá silẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù láti orí. Ọmọ ẹnìkan ò tíì tọ̀ sí mi lẹ́nu kó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo mú òòlù tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, mo yọ ìṣó níbi ìbọ̀sẹ̀, mo dorí tábìlì nọ́ọ̀sì kodò, mo kan ẹsẹ̀ tó ń mì. Mo ní kó jókòó lé e. Ó jókòó, pẹ̀lú bó ṣe sanra yẹn, kò mì. Ó ní òun ò ní í fi mí rẹ́rìn-ín mọ́. Ṣé o rí i báyìí? Ẹni tó bá gbé àpò ọmọ láì fi òòlù sí i, àyè ń bẹ nínú àpò ẹ̀. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ní tó bá tún rí òòlù níbẹ̀, orí mi lòun máa fi í kàn.

A ti tún gbogbo nǹkan ṣe báyìí. Irinṣẹ́ mi ti padà sínú àpò àtijọ́ tó ya. Mo gé ẹsẹ̀ tábìlì wálẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ ìyàwó mi, ó ń dúró sílẹ̀ bí èèyàn pààrọ̀ ìlédìí ọmọ, kò wàásù mọ́. Mo sọ pẹpẹ kalẹ̀ síbi tí ọwọ́ ẹ̀ ti lè dé láì fi ọmọ sílẹ̀, torí nọ́ọ̀sì ní ọwọ́ kan gbọdọ̀ máa wà lára ọmọ nígbà gbogbo, bí etí tábìlì ti wù kó ga tó. Tí ìlà bá ti di búlúù, èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń pariwo. Mo tún sọ fún nọ́ọ̀sì pé òjò pa bébà tó wá láti ìlú ńlá. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú, ó ní omi yẹn gan-an ni wọ́n ń rà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o bá mi bẹ awakọ̀.

Nígbà tá a ń kó nǹkan sínú àpò lẹ́ẹ̀kejì, òórùn káńfọ̀ tún jáde, ìyá ẹ sì wá sọ fún mi. Ó ní ara ẹ lo ra àpò yẹn fún, láti ọdún tẹ́ ẹ ṣègbéyàwó, pé o gbé e sínú àpótí, o fi káńfọ̀ sí i, ò ń dúró. Ó ní nígbà tí ìyàwó mi bímọ lo ní kí àpò má jókòó lásán mọ́. Ọmọ mi, mi ò mọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ìṣó kan ò ní í débẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo sá a, mo gbọn ìdọ̀tí pákó inú ẹ̀ dànù.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí bàbá ẹ wí. A ò gba àpò yẹn, a yá a ni. Tí tìẹ bá dé, á padà wá bá ẹ. Ihò ìgò wàrà ló fẹ̀ díẹ̀ nítorí òòlù, ìyẹn nìkan ni mi ò lè tún ṣe, àmọ́ ọmọ tó ń bọ̀ wá bá ẹ, òǹmuwàrà ni yóò jẹ́, ìgò ńlá ni yóò nílò.

Mi ò tọrọ o, ṣé o mọ̀ mí, àmọ́ tí ọwọ́ ẹ bá dé ibi owó, fi díẹ̀ rán sí wa ká fi ra pámpásì, torí a ti wá mọ̀ báyìí pé ẹyọ kan ò lè tó ọjọ́ kan. Fi bébà tútù kún un, kó rin dáadáa. Fóònù náà, tó bá kọ̀ tí kò jí, mi ò ní í bínú tó o bá rí òmíràn. Àti àpò irinṣẹ́ kan, dúdú, kó má ní pẹ́pẹ́yẹ.

Ìkẹyìn, ìyẹn ló sì ṣe pàtàkì jù. Bọ́ bàtà, dúró sílẹ̀ ṣánṣán, fi okùn wọn ara ẹ láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ta á ní kókó níbẹ̀, kó o fún awakọ̀ kó mú un wá fún mi. Mo ti gé pákó tábìlì tìẹ. Mi ò fẹ́ ṣe àṣìṣe ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Má sọ fún mi pé kò tíì yá, ìwọ ṣáà ta okùn ní kókó. Ẹni tó máa dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀ ti gbéra, ojú ọ̀nà ló wà. Tó bá dé, á tọ̀ sí ẹ láṣọ, á tọ̀ sí ọkọ ẹ lójú, tí mo bá wá kí yín, á tọ̀ sí èmi náà lẹ́nu, mi ò sì ní í nù ún.

Èmi ni bàbá ẹ, bàbá ọmọ tó ń tọ̀.